Jàfárù Oníférémù Tí Kò Ní Fọ́tò

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Jàfárù.

Òun ló ń ṣe férémù fọ́tò ní Ìgàndó, ní ṣọ́ọ̀bù onípákó kan tó kọjú sí ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń pe èrò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti kú báyìí. Ẹni tó bá sì gbọ́ pé ó kú, kó tó sọ pé "ó mà ṣe o", á kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ṣe fún Ìyá Testimony?"

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Obìnrin onífọ́tò kan wà ní Ẹgbẹ́dá, Fẹ́kọ́mi lorúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì. Àwọn tó ní àìsàn jẹjẹrẹ ló máa ń yà. Jẹjẹrẹ ló pa ìyá tó bí i. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fi ìyá náà pamọ́ sí títí ó fi kú, kí àlejò má baà rí i. Fẹ́kọ́mi ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹnikẹ́ni pamọ́ mọ́. Ó ń ya wọ́n bí wọ́n ṣe rí, á gbọ́ ìtàn wọn lẹ́nu wọn, á kọ ọ́ sí abẹ́ fọ́tò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, á pàtẹ gbogbo rẹ̀ sí họ́ọ̀lù kan kí aráyé wá wò ó. Jàfárù ló ní kó máa bá òun ṣe férémù.

Jàfárù ní òfin tirẹ̀. Férémù aláwọ̀ góòlù ni ti alààyè. Dúdú ni ti òkú. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Á kàn wo fọ́tò, á mọ̀.

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí Fẹ́kọ́mi gbé wá, obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tí kò ní irun kan lórí, tí ojú rẹ̀ ti jìn, tó ń rẹ́rìn-ín. Jàfárù kò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, kò ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wo orí, ó wo ojú, ó mirí. Ó mú pákó dúdú. Àánú tún ṣe é, ó gé páànù kékeré kan ní àgbélébùú, ó kàn án mọ́ òkè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló nu gíláàsì náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn láti ọdún mọ́kànlélógójì: omi àti bébà ìwé ìròyìn, títí gíláàsì á fi dà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Òun náà wo obìnrin inú fọ́tò, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó wé gèlè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Fọ́tò Ìyá Testimony ni mo wá gbà."

Jàfárù ń gé gíláàsì lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Háà. Ẹ kú àráfẹ́rakù o. Ẹ̀gbọ́n yín ni àbí àbúrò?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni Ìyá Testimony." Obìnrin náà bá ṣí gèlè rẹ̀ kí bàbá lè rí orí òun.

Jàfárù wo fọ́tò. Ó wo obìnrin náà. Ó rọra ń ti àga rẹ̀ sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ìkòtún ni, Bàbá."

"Ṣé àwọn ará ilé yín mọ̀ pé Ìkòtún lẹ wà?"

"Kí lẹ̀ ń sọ, Bàbá? Mi ò tíì kú o!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àkúdàáyà ṣe máa ń wí," ni Jàfárù dá a lóhùn.

Àyìnkẹ́ ló sá jáde láti di obìnrin náà mú lọ́wọ́, kí ọkọ rẹ̀ lè rí i pé ó gbóná. Nígbà tí Ìyá Testimony rí férémù dúdú náà àti àgbélébùú tó wà lórí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú níbi tí wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ kan. Ojú ti Jàfárù. Ó mú hámà, ó fẹ́ tú u.

"Ẹ fi sílẹ̀ jàre," ni Ìyá Testimony wí. "Tí ikú bá dé ilé mi, tó rí èyí lára ògiri, á rò pé òun ti ṣiṣẹ́ ibẹ̀ tán. Á wá ibòmíràn gbà."

Ọdún mẹ́rin rèé. Ìyá Testimony ṣì wà. Títí Jàfárù fi kú, kò gbà pé òun ṣàṣìṣe. Ó ní ìwòsàn lòun ṣe fún un.

Ṣùgbọ́n ó yí òfin padà. Ó sọ fún Fẹ́kọ́mi pé òun ò ní í kan ìṣó kankan mọ́ àfi tí ẹni tó wà nínú fọ́tò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kí òun bá a jiyàn. Ó ní òkú kì í jiyàn.

"Bàbá, aláìsàn ni wọ́n," ni Fẹ́kọ́mi wí.

"Àìsàn ò dí ẹnu."

Bí wọ́n ṣe gbé Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ wá láti Àyọ̀bọ̀ nìyẹn. Ọmọ Oǹdó ni, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Jẹjẹrẹ inú ìfun ló ń ṣe é. Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ ọ́ fún un, ó tó oṣù mẹ́ta, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Orí ló fi ń dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti ń bẹ̀bẹ̀ kó tó jókòó: "Bàbá, ẹ má bínú, wọn kì í sọ̀rọ̀."

Jàfárù gbé fọ́tò sí ọwọ́ kan. Ó wo Ọmọ́tọ́ṣọ́. Ó tún wo fọ́tò.

"Èyí ò jọ yín," ló wí.

Ọmọ́tọ́ṣọ́ mirí.

"Kò jọ yín ni mo wí. Ẹni tó wà nínú fọ́tò yìí, ó jọ ẹni tó gbọ́n."

Ìyàwó Ọmọ́tọ́ṣọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ni ọkùnrin náà bá na ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Ìwọ oníférémù yìí! Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba!"

"Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà Àyọ̀bọ̀ fi rí bó ṣe rí," ni Jàfárù wí, ó sì mú pákó góòlù.

Wọ́n jiyàn títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Jàfárù lọ kírun, ó padà wá, wọ́n ń bá a lọ. Ìyàwó Ọmọ́tọ́ṣọ́ jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ ń wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Ìgàndó wá jà. Oṣù méje ló fi wá. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, kò wá.

Jàfárù àti Àyìnkẹ́ lọ síbi ìsìnkú. Nínú ilé, pásítọ̀ ní kí gbogbo ojú wà ní dídì. Gbogbo ojú dì, àfi ti Jàfárù. Fọ́tò Ọmọ́tọ́ṣọ́ tí wọ́n gbé kọ́ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì lè gbà á mọ́ra. Ó gun àga. Nígbà tí wọ́n ṣe "Àmín" tí ojú là, orí àga ni wọ́n bá a, ó di férémù mú lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ jí i gbé. Àyìnkẹ́ ló sún mọ́ ọn láti bá a di àga mú. Òun nìkan ló gbọ́ ohun tó ń sọ fún fọ́tò náà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "Ọ̀rọ̀ wa ò tíì parí o."

Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn. Fẹ́kọ́mi máa ń kọ "akọni" sí abẹ́ fọ́tò àwọn èèyàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á fún Jàfárù, ó ní, "Akọni? Ṣé ogun ló lọ ni? Ara ń ro ó. Kọ ọ́ pé ara ń ro ó, ó sì fọ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀." Fẹ́kọ́mi rò ó títí. Ó pa "akọni" rẹ́.

Ọdún tó kọjá, ara Jàfárù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó ń lọ tọ̀ ní gbogbo ìgbà, bó bá sì lọ, kì í tètè dé. Ó ní omi kànga Ìgàndó ni kò dára. Wọ́n ń ra omi mìíràn. Ó ní gàrí ni. Wọ́n gba gàrí kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní Àyìnkẹ́ ni.

Àyìnkẹ́ fà á lọ sí ọsibítù. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, irú èyí tó ń mú àgbà ọkùnrin lójú ọ̀nà ìtọ̀, ó sì ti dé eegun. Jàfárù bá dókítà jiyàn. Ó ní eegun Ògbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀. Dókítà kò jiyàn padà. Ó kàn ń wo orí tábìlì. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ba Àyìnkẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ wọn Fàdìlàt pè láti Ìbàdàn. Ó ní kí wọ́n fi fọ́tò bàbá òun ránṣẹ́ sórí fóònù, kí òun máa rí i. Àyìnkẹ́ dìde láti wá a. Ó wo ògiri ilé. Ó lọ wo ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó tuntun wà níbẹ̀, ìbejì wà níbẹ̀, àwọn tó gboyè wà níbẹ̀, àáfà tó lọ Mẹ́kà wà níbẹ̀. Jàfárù kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, òun ló bá onífọ́tò jà pé kò mọ èèyàn í tò, tí onífọ́tò fi bínú lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo tó wà láyé ni ti káàdì ìdìbò, níbi tó ti jọ ẹni tí wọ́n bá ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Àyìnkẹ́ fi ń nu ojú àwọn ẹlòmíràn. Ojú ọkọ rẹ̀ kò sí nínú wọn. Ó padà sílé lọ bá a.

"Bàbá Fàdìlàt, ẹ jẹ́ kí Fẹ́kọ́mi yà yín."

"Àáfà ní fọ́tò ò dára."

"Àáfà wo? Èyí tí ẹ ṣe férémù Mẹ́kà fún lẹ́ẹ̀mejì?"

Ní ọjọ́ kejì, Jàfárù ní fìlà òun kò tíì ti ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ dé. Fìlà dé. Ó ní òjò fẹ́ rọ̀. Òjò kò rọ̀. Ó wá ní, "Jẹ́ kí n sanra díẹ̀ sí i ná." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń sọ bẹ́ẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Àyìnkẹ́ sì ń gba ìdí ṣòkòtò rẹ̀ wọlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àyìnkẹ́ ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Kí ló dé gan-an? Ẹ sọ fún mi. Kí ni mo fẹ́ máa wò?"

Jàfárù na ọwọ́ sí òkè ilẹ̀kùn. Fọ́tò ìyá Àyìnkẹ́ wà níbẹ̀, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí Jàfárù ti gbé e kọ́.

"Ìgbà wo lo wò ó gbẹ̀yìn?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá lábẹ́ rẹ̀."

"Mi ò ní ìgbà wo lo kọjá. Má gbójú sókè. Kí ni ìyá rẹ wọ̀?"

Àyìnkẹ́ ní léèsì ni, ó tún ní àǹkárá ni.

"Ṣé o rí i?" ni Jàfárù wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Mo mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mo fi gbogbo wọn kọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ máa fi wò mí. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọńlé nìkan ni yóò máa wò mí."

Ó yíjú sí ògiri, ó sùn tàbí ó ṣe bí ẹni tó sùn.

Àyìnkẹ́ gbé àga. Ó gùn ún, ó sọ fọ́tò ìyá rẹ̀ kalẹ̀, ó gbé e sórí itan, ó jókòó síwájú ilé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Àwọn tó ń kọjá kí i, kò dáhùn. Ó wo fọ́tò náà láti ìgbà tí oòrùn wà lókè títí àwọn ọmọ iléèwé fi ń darí bọ̀. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó wọlé, ó jí ọkọ rẹ̀.

"Àdìrẹ ló wọ̀," ló wí. "Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ó tóbi jù ú lọ, ti onífọ́tò ni. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di etí ìró mú báyìí. Mo rò pé bó ṣe máa ń dúró ni. Irọ́ ni. Mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú jó ìró yẹn ní ọjọ́ yẹn gan-an. Ibi tó jó ló fi ọwọ́ bò, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé mo ba aṣọ òun jẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi nù ún, mi ò rí i. Gíláàsì ni mò ń nù. Mi ò wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Ó nu imú pẹ̀lú etí ìborùn.

"Tí ẹ bá fún mi ní tiyín, màá wò ó. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó báyìí."

Jàfárù yíjú kúrò lára ògiri.

"Sọ fún onífọ́tò yẹn," ló wí, "kó wá, kí ìyá rẹ̀ tó kú má baà máa pariwo sí mi létí tí mo bá dé ọ̀run."

Fẹ́kọ́mi dé ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n gbé Jàfárù jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti di fúlẹ́fúlẹ́, ẹ̀wù rẹ̀ ló tóbi jù níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò rù.

"Bàbá, ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí," ni Fẹ́kọ́mi wí.

"Ṣùgbọ́n o wà níbí."

"Ẹ ṣáà jókòó bó ṣe wù yín."

"Fọ́tò kì í ṣe bó ṣe wu ni. Ọwọ́ méjì á wà lórí orúnkún. Etí méjèèjì á hàn, ẹsẹ̀ méjèèjì á hàn. Tí wọ́n bá rí ẹsẹ̀ kan, wọ́n á ní wọ́n ti gé èkejì."

Fẹ́kọ́mi yà á bó ṣe wí. Méjìlá ló yà. Nínú gbogbo méjèèjìlá, Jàfárù le gbọin bí ẹni tó ń dúró de ẹjọ́.

"Kí ni ká kọ sí abẹ́ rẹ̀, Bàbá?"

"Kí ni àwọn tó kù máa ń sọ?"

"Wọ́n máa ń sọ bí wọ́n ṣe bá àìsàn jà."

"Èmi ò bá a jà. Ọwọ́ mi dí." Ó rò ó. "Kọ ọ́ pé Jàfárù gé gíláàsì fún ọdún márùndínláàádọ́ta, kò gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ rí."

Àyìnkẹ́ wà nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú bébà àti omi rẹ̀. "Irọ́!" ló ké. "Bàbá Fàdìlàt, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ gé e!"

"Ìgbà wo?"

"Ọdún tí a bí Fàdìlàt. Ọdún tí a kó wá sí Ìgàndó. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an lójú márùn-ún!"

"Ìyẹn kì í ṣe gígé!" Jàfárù yí gbogbo ara padà sí i, ó na ìka sókè. "Gíláàsì ló ṣèèṣì kàn mí!"

Ìgbà yẹn ni kámẹ́rà Fẹ́kọ́mi dún.

Wọ́n fi hàn án lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà. Etí kan ṣoṣo ló hàn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ìka tó nà sókè láti fi jẹ́rìí pé gíláàsì ò gé òun rí sì ní àpá ojú abẹ́rẹ́ márùn-ún lára, ó hàn kedere. Kò wo kámẹ́rà. Àyìnkẹ́ ló ń wò, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ẹ́ jàre.

Jàfárù wò ó pẹ́. Àwọn méjèèjì ń retí kó bẹ̀rẹ̀ iyàn.

"Ó jọ mí," ló wí. Ìyẹn nìkan.

Ogún ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀, Ọjọ́ Jímọ̀, ó kú. Wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Fẹ́kọ́mi pàtẹ fọ́tò sí họ́ọ̀lù, ohun tó kọ sí abẹ́ ti Jàfárù ni ohun tí bàbá wí àti ohun tí Àyìnkẹ́ fi dá a lóhùn. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ibẹ̀ nìkan ni àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Testimony wá láti Ìkòtún, ó rẹ́rìn-ín títí, nígbà tó yá, ó ṣí gèlè orí rẹ̀, ó fi nu ojú.

Fẹ́kọ́mi gbé fọ́tò kan fún Àyìnkẹ́. Àyìnkẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n fi gíláàsì sí i, kò sì jẹ́ kí wọ́n fi kọ́ ògiri. Ó ń gbé e kiri ni. Lónìí á wà lórí fìríìjì, lọ́la á wà lórí àga tí Jàfárù máa ń jókòó, lọ́túnla á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa omi. Àlejò á fẹ́ jókòó, á rí ọkùnrin kan tó ń na ìka sí i. Àyìnkẹ́ á ní, "Ẹ má dá a lóhùn o. Tí ẹ bá dá a lóhùn, ẹ ò ní í lọ sílé lónìí." Á wá gbé e sórí itan, á máa wò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n ya fọ́tò yẹn, Jàfárù, tí kò lè jẹ ju ṣíbí mẹ́ta lọ láti ọ̀sẹ̀ méjì, sọ pé ebi ń pa òun. Ó jẹ ẹ̀kọ méjì àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó.